Iye Tó Fi Ọwọ́ Òsì Di Àwọ̀n

Àwọn obìnrin ìjọ tó wẹ Iye ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ìka náà. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ti wọ aṣọ funfun fún un, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ṣùgbọ́n ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ní ọwọ́ òsì rẹ̀ kọ̀, kò nà. Wọ́n fi omi gbígbóná rin ín, wọ́n fi òróró pa á, ó ṣì ká kò bó ṣe máa ń wà nígbà ayé rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jáde wá bá mi níta, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́, ó ní, "Ìyá àgbà yín yìí, orí kunkun tó ń ṣe láyé náà ló ń bá wa ṣe lọ. Ṣé ká fi aṣọ so ó mọ́ àwọn tó kù ni?" Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iye ni àwọn ará etíkun Oǹdó máa ń pe ìyá. Ìyá tó bí bàbá mi ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é ní ìyá àgbà nínú wa. Àtọmọ, àtọmọ-ọmọ, títí kan àwọn apẹja tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Iye la jọ ń pè é. Etí omi ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn Ìlàjẹ tó ń fi ẹja pípa jẹun. Ó tẹ̀ lé bàbá àgbà mi wá sí etí ọ̀sà ní Bàrígà láàárín àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Mi ò ní to ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iye fúnra ẹ̀ kórìíra irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Tí àlejò bá ti ń ro ibi tí wọ́n bí òun sí kó tó sọ ohun tó gbé e wá, Iye á gé e lẹ́nu: "Sọ ohun tó ń dùn ọ́, oúnjẹ ń tutù."

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àlùfáà dìde, ó yìn ín gan-an, ó ní ìyá tó fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ nítorí ọmọ ni. Díẹ̀ ló kù kí n dìde níbi tí mo jókòó sí. Iye ò fi nǹkan kan sílẹ̀ nítorí ọmọ. Ó di ọmọ mú, ó di iṣẹ́ mú, gbogbo ẹni tó sì ní kó ju ọ̀kan nù nínú méjèèjì, ó bá wọn fà á. Mo ń kọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ máa ń fi ọmọrogùn gbá ọwọ́ náà tó bá ti nà án sí oúnjẹ. Wọ́n tilẹ̀ fi aṣọ dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà kan, kó lè mọ ọ̀tún lò. Bàbá rẹ̀ ló tú u. Apẹja ni bàbá náà, obìnrin nìkan ló sì bí, kò ní ọmọkùnrin tó máa bá a tún àwọ̀n ṣe. Ó gbé abẹ́rẹ́ igi tí wọ́n fi ń di àwọ̀n lé Iye lọ́wọ́ ọ̀tún, gbogbo kókó tó bá dì ló ń tú. Nígbà tí bàbá ò wò ó, ọmọ náà sún abẹ́rẹ́ sí òsì, kókó sì le. Àwọn ẹbí gbọ́, wọ́n ní kó má gbà á láyè, ọmọ náà á di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Èsì tí bàbá náà fún wọn ni Iye ń sọ fún wa títí ó fi kú: "Ẹja kì í béèrè ọwọ́ tó di àwọ̀n."

Kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́ o. Ọ̀tún ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọ̀tún ló fi ń juwọ́ sí èèyàn. Àmọ́ tí iṣẹ́ bá ti délẹ̀, òsì ló ń jáde. Mo bi í nígbà tí mo wà ní kékeré pé kí ló dé tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀tún ni mo fi ń kí yín, òsì ni mo fi ń bọ́ yín."

Kó tó bímọ, ẹja ló ń tà. Ní ìdájí ló ti máa ń wà létí omi bí àwọn ọkọ̀ bá ṣe ń wọlé, á ra ẹja tútù, á tò ó sínú agbọ̀n, á gbé e la Ṣómólú kọjá, ó di Onípánù, ó di Fádèyí. Àwọn ìyàwó akọ̀wé tó ń gbé ní Ọbaníkòró kì í ra ẹja lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí wọn ò bá tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ó fẹ́ràn ìrìn ẹ̀, ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pe orúkọ òun láti ojú fèrèsé. Nígbà tó bímọ, méjì ni: Táíwò, obìnrin, àti Kẹ́hìndé, tí í ṣe bàbá mi.

Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó ní òun ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó pọn Táíwò, ó fi ọ̀já kejì so Kẹ́hìndé mọ́ àyà, ó gbé agbọ̀n ẹja lé orí, ó jáde. Kò dé Onípánù. Ẹni iwájú ń ké nítorí oòrùn, ẹni ẹ̀yìn ń ké nítorí pé ẹni iwájú ń ké, omi ẹja sì ń ro sí àwọn méjèèjì lára. Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó tú wọn sílẹ̀, ó fún wọn lọ́mú, àwọn tó ń kọjá sì ń ṣí ewé orí ẹja rẹ̀ wò, wọn ò rà. Ẹja tó ti ń jẹrà ló gbé padà sílé. Bó bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín ló máa ń rín: "Tí ọkọ̀ bá rù jù, èèyàn kì í bínú sí odò. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ mìíràn ni mo máa wá."

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó wá láti etíkun wá bá a tọ́jú ìbejì, ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ó ní kí ló dé tí ìyá ìbejì ń dààmú ara ẹ̀? Kó gbé àwọn ọmọ náà káàkiri, kó máa jó, kó máa kọrin, àwọn èèyàn á máa ta wọ́n lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀ làwọn kan ń ṣe nígbà náà lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò sì bú wọn. Iye kúnlẹ̀ fún un, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ bá àgbà jiyàn, ìkúnlẹ̀ ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Àmọ́ àwọn ọmọ yìí á bá mi jẹun, wọn ò ní bá mi tọrọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ọkọ náà gba Táíwò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fún un ní àkókò díẹ̀. Tí kò bá rí iṣẹ́ tó lè gbé jókòó ti àwọn ọmọ, òun á kó ìbejì lọ sí etíkun, kí ó máa gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ kiri bó ṣe wù ú. Ohun tí Iye ń bẹ̀rù jù láyé ẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun máa ń jí, òun á fi ọwọ́ wá àwọn ọmọ náà lórí ẹní kí òun tó la ojú.

Iṣẹ́ tó ń wá ti wà lẹ́yìn ilé. Àwọ̀n bàbá àgbà mi ti ya lára kùkùté inú omi, ó sì ń retí ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń tún àwọ̀n ṣe ní etí omi wa. Àbúrò Bàbá Rótìmí ni ọkùnrin náà, Bàbá Rótìmí sì ni olórí àwọn apẹja ibẹ̀. Àbúrò mọṣẹ́, àmọ́ ọtí ń dí i lọ́wọ́, àwọ̀n lè wà lọ́dọ̀ ẹ̀ títí oṣù á fi kú. Iye wo àwọ̀n yíya náà, ó wo àwọn ọmọ. Ẹja inú agbọ̀n kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bí ọmọ bá ti ń ké ni ẹja ń bàjẹ́ lọ. Àwọ̀n ní tirẹ̀ á dúró. Ọmọ ké, a gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ọmọ sùn, a tún gbé e. Kókó tí èèyàn ti dì kò ní tú nítorí pé ọmọ fẹ́ mu ọmú. "Iṣẹ́ tó ní sùúrù" ló ń pè é.

Orí àpótí ló máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Á fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún fa àwọ̀n kó le, á fi ẹsẹ̀ òsì máa mi ọmọ kan lórí ẹní, èkejì á wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rá, ó so òwú àwọ̀n mọ́ bàbá mi ní ìbàdí, ó so orí kejì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nítorí pé omi kò jìnnà. Bàbá mi di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, kì í sì í fẹ́ ká sọ ọ́ níwájú àlejò. Iye kò ní ṣe kó má sọ ọ́. "Ọ̀gá yín yìí, mo dè é bí ewúrẹ́ kó tó mọ ìwé."

Ẹnu ẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ìjọ tí wọ́n ń lọ ní Ṣómólú, wọ́n máa ń ní kí àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ jókòó síta lábẹ́ fèrèsé. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó kó ìbejì, ó lọ jókòó ní ìlà iwájú. Bàbá tó ń tọ́jú èrò rọra tẹ̀ ba lé e, ó ní, "Ìyá ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ yín ń dí ìwàásù lọ́wọ́." Iye náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Bàbá, ìwàásù ń dí oorun tiwọn náà lọ́wọ́, wọn ò sì tíì lé yín jáde."

Ó ní àbùkù tirẹ̀. Nígbà tí ìyá mi fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nítorí mi, Iye kọ̀, kò bá a sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Tí ìyá mi bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ ẹ́, á dúpẹ́, á kọjú sí ògiri. Ìyá mi sunkún nítorí ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí mo dàgbà, mo sọ fún Iye lójúkojú pé ohun tó ṣe yẹn kò dáa, pé ìyá mi fẹ́ràn àtijókòó tì mí ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ló bi í léèrè ohun tó fẹ́ kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?" Mo lọ bi ìyá mi. Kò sí ẹni tó bi í.

Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń ya èèpo ẹ̀yìn ìwé fún wọn lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo bí Mojí tí mo sì fẹ́ padà, ọ̀gá mi ní kí n yàn: kí n máa wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìgbé ọmọ wá, tàbí kí òun gba ẹlòmíràn. Mo gbé ẹkún dé ọ̀dọ̀ Iye ní Bàrígà. Ó ti di arúgbó gan-an nígbà náà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ẹkún ta ni ti ta ni.

"Iṣẹ́ tí ò ń ṣe gan-an, níbo ló wà?" ló bi mí.

"Inú kọ̀ǹpútà ló wà, Iye."

"Kọ̀ǹpútà ọ̀hún, ṣé ó wúwo ju àwọ̀n lọ?"

"Rárá o. Mo lè gbé e sí apá."

"Gbé e wá sílé nígbà náà. Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

Mo ní kò rọrùn bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ò ní gbà. Ó ní òun kò tíì rí ọ̀gá tó gbà rí. Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etí omi fún mi tán. Apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ láti kékeré, n kò gbọ́ odidi ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn tó tún àwọ̀n bàbá àgbà mi ṣe, àwọn obìnrin etí omi rí i. Àwọn ló ń ta ẹja tí ọkọ wọn bá pa. Tí àwọ̀n bá ń gbé ilé àbúrò Bàbá Rótìmí, kò sí ẹja, kò sí ọjà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọ̀n wá bá a nínú agbọ̀n, wọ́n á fi ewé bò ó bí ẹni gbé ẹja. Wọ́n á sọ fún ọkọ wọn pé ìbátan àwọn kan ní òdìkejì ọ̀sà ló tún un ṣe. Ẹja ni wọ́n fi ń sanwó fún Iye, ó ń yan án lẹ́yìnkùlé, ó sì ń tà á láti ilé. Kì í béèrè ẹni tó ni àwọ̀n. "Àwọ̀n ò lórúkọ lọ́dọ̀ mi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ìdí tí wọ́n fi ń fi í pa mọ́ ni pé Bàbá Rótìmí ti ní obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọ̀n. Ó ní ẹja á gbọ́ òórùn ọmú, á sá. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé Iye ń tún ti ọkọ rẹ̀ ṣe, ìyẹn nìkan ti tó láti dá ìjà sílẹ̀. Bàbá àgbà mi jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀, òun ò fẹ́ wàhálà. Iye ní, "Wàhálà ti wà nílé wa tẹ́lẹ̀. Méjì ni. Ọ̀kan ń jẹ́ Táíwò, èkejì ń jẹ́ Kẹ́hìndé."

Lẹ́yìn náà ni ẹja wọ́n. Omi ṣe bí omi ṣe ń ṣe, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lófìfo. Wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa dì í rù, kò sì ju ẹyọ kan lọ. Bàbá Rótìmí pe gbogbo ará etí omi jọ ní ọ̀sán Sátidé kan, tọkùnrin tobìnrin. Ìyá ọkọ Iye wà níbẹ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ti ní tí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ òun lónìí, òun àti ìbejì ń wọ ọkọ̀ lọ ni. Iye pọn Táíwò, ó gbé Kẹ́hìndé sí apá, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ tó gbé láti ilé.

Bàbá Rótìmí sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní láti ìgbà tí obìnrin yìí ti gbé abẹ́rẹ́ ni ẹja ti ń sá. Ó tún ní bí a bá tilẹ̀ gbójú fo ọmú, ọwọ́ òsì tó fi ń ṣe é ńkọ́? "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣé òun la ó wá fi wá oúnjẹ ilé bàbá wa?" Àwọn ọkùnrin ń mi orí. Ó wá gbé àwọ̀n tirẹ̀ sókè, ó nà án lápá méjèèjì kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Ẹ wo èyí. Àná àná yìí náà ni mo pa ẹja nínú ẹ̀. Ìbátan ìyàwó mi ló tún un ṣe fún mi lódìkejì ọ̀sà. Ọwọ́ ọkùnrin nìyí. Ẹ wo kókó rẹ̀ bó ṣe le."

Iye wò ó. Kókó ara rẹ̀ ni. Tí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá di àwọ̀n, apá kan ni kókó máa ń yí sí. Tí ọlọ́wọ́ òsì bá dì í, òdìkejì ló ń yí sí. Ní gbogbo etí omi yẹn, òun nìkan ló ń fi òsì dì í. Ó wo ọ̀ọ́kán, ó rí Ìyá Rótìmí lẹ́yìn àwọn obìnrin yòókù, ó fi etí ìró aṣọ rẹ̀ há ẹnu. Agbọ̀n rẹ̀ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ tó gba ẹnu ọ̀nà Iye kọjá, pẹ̀lú ewé lórí.

"Tí mo bá la ẹnu," ni Iye wí fún mi, "mo gba iṣẹ́ mi padà, obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ mi á sì sun ìta. Tí mi ò bá là á, wọ́n ń kó ọmọ mi lọ." Mo bi í pé kí ló wá ṣe. Ó ní, "Mo ṣe iṣẹ́ mi."

Ó bẹ Bàbá Rótìmí pé kó tó lé òun, kó jẹ́ kí òun di kókó kan lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń lé lọ. Bàbá ní kó ṣe é, kó yá. Kẹ́hìndé ti ń ráhùn, ó sì fi ọmú sí i lẹ́nu níbẹ̀, lójú gbogbo ọkùnrin etí omi. Ó fa àwọ̀n ọkọ rẹ̀ sún mọ́ra, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fà á le, ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì. Ó gbé òwú gba inú ojú àwọ̀n, ó yí i po, ó fà á. Jẹ́jẹ́ ló ṣe é, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ kúrò, kí wọ́n lè wò ó.

Ọkùnrin kan tó wà nítòsí tẹ̀ ba wò ó dáadáa. Ó dìde, ó lọ sí ibi tó sá àwọ̀n tirẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó yí i padà, ó fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n tún ṣe. Ó rọra ká a, ó jókòó tì í. Ẹnì kejì lọ wo tirẹ̀, ẹnì kẹta tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń tú àwọ̀n, tí wọ́n sì ń ká a padà láìwo ojú ara wọn. Àwọn obìnrin wọn ń wo ilẹ̀. Bàbá Rótìmí nìkan ló ṣì dúró, àwọ̀n rẹ̀ ṣì wà ní apá rẹ̀ níbi tó nà án sí. Ó wá sọ ojú kalẹ̀, ó wo kókó tó ti ń yìn láti ẹ̀ẹ̀kan.

Ìyá Rótìmí bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Rótìmí, èmi ni mo gbé e lọ fún un. Mi ò ní ìbátan kankan lódìkejì ọ̀sà. Ẹja tí ẹ pa, ọwọ́ òsì yẹn ló bá yín mú un. Tí ẹ bá máa lé ẹnì kan, ilé wa ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Rótìmí wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àwọn ọkùnrin tó ń ká àwọ̀n, ó sì wo Iye. Agbára láti bẹ̀bẹ̀ kò sí lára ọkùnrin yẹn, bí Iye ṣe wí. Ó rìn wá síwájú rẹ̀, ó fa ìsàlẹ̀ àwọ̀n náà jáde, ó ní, "Ibí yìí tún ti ya."

Iye kò sáré gbà á. Ó wo ojú ihò náà, ó wo bàbá mi tó di ọmú mú ṣinṣin. Ó ní, "Ẹ gbé e kalẹ̀ ná, Bàbá. Ọmọ ń mu ọmú lọ́wọ́."

Ó gbé e kalẹ̀. Olórí apẹja gbé àwọ̀n kalẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ obìnrin, ó sì dúró títí ọmọ fi mu ún yó. Ìyá ọkọ Iye padà sí etíkun ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun nìkan. Kó tó wọ ọkọ̀, ó ní, "Ọmọ mi fẹ́ ìyọnu, àmọ́ ìyọnu náà ń bọ́ ilé."

Láti ìgbà náà ni àwọn ìyá ọlọ́mọ mìíràn ti ń wá jókòó tì í lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń kọ́ wọn. Àwọn ọkùnrin ń pe abẹ́ igi náà ní Ilé Ọmú, wọ́n rò pé èébú ni. Iye gba orúkọ náà tayọ̀tayọ̀. Tí wọ́n bá gbé àwọ̀n dé nígbà tí àwọn ọmọ ń sùn, á ní kí wọ́n padà wá. Wọ́n sì ń padà wá.

Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn náà tán, mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo ní mò ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé, iṣẹ́ á máa jáde bó ṣe ń jáde, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó wá ẹlòmíràn. Ó ní òun á rò ó, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló lọ gbà. Kò pẹ́ sígbà náà tó pè mí lórí fóònù, oníbàárà kan jókòó tì í, ẹni tó gbà sí ipò mi ti da ẹ̀yìn ìwé rú. Ó ní kí n bá òun ṣe é kíá. Mo wo Mojí lórí ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá," mo wí. "Ọmọ ń mu ọmú lọ́wọ́."

Ó ní sùúrù. Títí dòní, ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún un. Mo sọ ọ́ fún Iye, kò yìn mí. Ó kàn bi mí bóyá ọmọ mu ún yó.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, lẹ́yìn tí àlùfáà ti parí ìyìn rẹ̀, wọ́n pe àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ kí a wá da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Bàbá mi da tirẹ̀, Àǹtí Táíwò da tirẹ̀. Nígbà tó kan Mojí, tí kò tíì ju ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì bu iyẹ̀pẹ̀ náà, nítorí pé òun náà, òsì ló ń lò. Obìnrin kan nínú ìjọ di ọwọ́ rẹ̀ mú lókè ibojì, ó ń sọ fún un pé, "Ọ̀tún, ọmọ mi. Ọ̀tún la fi ń dágbére fún àgbà."

Ìka tó kọ̀ tí kò nà wà nínú pósí lábẹ́ wa, ó ká bí ẹni ṣì di abẹ́rẹ́ mú. Mo bọ́ síwájú, mo rọra tú ọwọ́ ọmọ mi kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá," mo wí. "Ọwọ́ tó bọ́ wa nìyẹn."